Aṣọ Búlúù Tí Kì í Ṣe Tèmi

Mo ti bẹ olóòtú pé kó má kọ orúkọ mi síbí. Kò ní wúlò fún yín náà. Nílé ìwòsàn ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ẹni. Aṣọ ni wọ́n ń wò.

Ibẹ̀ tóbi débi pé òṣìṣẹ́ méjì lè wà níbẹ̀ títí wọn ó fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n má fojú kan ara wọn. Nítorí náà, aṣọ ló ń sọ̀rọ̀ fún kálukú. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti nọ́ọ̀sì. Funfun ni ti dókítà. Àwọ̀ ewé ni ti àwọn tó ń nu ilẹ̀. Buráùn ni ti àwa ará ilé ìfọṣọ, àwa tá a wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò sí fèrèsé, tí à ń fọ ohun tí gbogbo àwọn yòókù bá kó ìdọ̀tí bá.

Bó o bá wọ búlúù, wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn fún ẹ kó o tó dé ẹnu ọ̀nà. Bó o bá wọ buráùn, ìdí lo máa fi ti ilẹ̀kùn ọ̀hún, torí ẹrù ti gba ọwọ́ rẹ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín kí n tó sọ ohun tí mo ṣe.

Nọ́ọ̀sì ni Bàámi fẹ́ kí n jẹ́. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi sọ ọ́ fún Bàámi. Òun nìkan ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Télọ̀ ni. Ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, màṣíìnì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló sì ń lò. Gbogbo ẹni tó bá wá ránṣọ ló máa ń gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bó bá ti fi tẹ́ìpù yí ẹ láyà báyìí, o ò lè sá, o gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tán.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn ńlá gbà mí sí ilé ìfọṣọ wọn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, Bàámi."

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

Ó bọ́ tẹ́ìpù ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó sì figbe ta sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́.

"Ṣúmékà! Fi bàtà oníbàtà sílẹ̀! Wá kí nọ́ọ̀sì!"

Ṣúmékà jáde tòun ti bàtà lọ́wọ́. Àbúrò ni Bàámi mú un, ṣùgbọ́n kò sí ìbátan kankan láàárín wọn, ògiri páálí lásán ló pín ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Nọ́ọ̀sì wa!" ló wí. "Ẹ ṣáà máà gún mi lábẹ́rẹ́ o. Abẹ́rẹ́ bàtà nìkan lèmi mọ̀."

"Aṣọ iṣẹ́ rẹ dà?" Bàámi ló bi mí bẹ́ẹ̀. "Ìgbà wo la máa rí i lára rẹ?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ògiri kan ló pín ilé ìfọṣọ wa sí méjì. Lápá kan, aṣọ tó dọ̀tí ń gba inú ihò ńlá kan já bọ́ láti òkè: aṣọ ibùsùn, aṣọ ẹ̀jẹ̀, aṣọ èébì. Lápá kejì, èyí tó ti mọ́ ń jáde, a ó lọ aṣọ náà, a ó so ó kọ́ sórí irin. Apá mímọ́ ni wọ́n fi mí sí. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá ṣíwọ́, aṣọ búlúù ló ń kọjá níwájú mi, ó ń gbóná, ó ń ta sánsán.

Ìyá Àpò ni à ń pe ọ̀gá apá méjèèjì, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò aṣọ kó tó wọnú ẹ̀rọ. Ó ti bá bírò níbẹ̀, ó ti bá ṣíbí, ó ti bá àjẹkù bisikíìtì. Lọ́jọ́ kan ó bá eyín àtọwọ́dá.

"Ẹ bá mi wá ẹni tó ni ín," ló wí. "Kẹ́ ẹ sì bi í léèrè, kí ló fi jẹun lánàá?"

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, nígbà tí Ìyá Àpò kẹ́yìn sí mi, mo yọ búlúù kan lórí irin, mo ká a sínú báàgì mi. Mo sọ fún ara mi pé yíyá ni mo yá a. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá fọ̀ ọ́, màá so ó padà. Ta ló máa mọ̀?

Mo wọ̀ ọ́ níwájú Bàámi.

"Yí padà."

Mo yí padà.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ aṣọ náà léjìká.

"Èjìká yìí fẹ̀ jù fún ọ. Bọ́ ọ wá, kí n gbà á wọlé."

"Rárá o, Bàámi! Ilé ìwòsàn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ wọn."

"Ilé ìwòsàn tó tóbi tó báyẹn, télọ̀ wọn ò mọ èjìká?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán an, sà."

Ó wò mí nínú dígí. Mo rò pé ó ń fi mí yangàn ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí búlúù kì í tẹ̀lé mi lọ sílé. Èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ mi ni mo máa ń mú. Mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyálọ́mọ àdúgbò á gbé ọmọ wọn wá bá mi. Mo ti kọ́ ohùn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí kò ṣeé jiyàn pẹ̀lú. "Ẹ máa fún un lómi dáadáa, mà. Ẹ má bẹ̀rù." Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kúnlẹ̀ pàápàá. Ẹ̀yin òǹkàwé, irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn. Bó o bá ti tọ́ ọ wò, buráùn á máa ta ọ́ lára.

Ìyá Àpò ló kọ́kọ́ mú mi. Báàgì mi ló ki ọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Kí lèyí?"

Ó fa búlúù náà jáde.

"Ṣé o fẹ́ lọ tà á ni?"

"Rárá, mà! Mo máa ń dá a padà."

"Ta lo wá ń fi í tàn jẹ?"

"Bàbá mi."

Ó jókòó lórí ìdì aṣọ. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rí ojú mi, ó dákẹ́.

"Èmi náà, buráùn ni mò ń wọ̀," ló wí. "Òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Òun ni mo fi sin ìyá mi. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ni."

"Lọ sọ fún bàbá rẹ. Ìtìjú rẹ̀ ò ní ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn èèyàn á rí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ."

"Màá sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà."

Mi ò sọ. Ìyá Àpò náà ò tún bi mí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá di Jímọ̀, á yíjú sí ògiri fúnra rẹ̀, bí ẹni pé kò fẹ́ jẹ́rìí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí irin tí Bàámi ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

"Bàámi, ẹ̀jẹ̀ rèé!"

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Abẹ́rẹ́ tó kán ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wọlé dé ìdajì. Bàámi wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ṣúmékà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Télọ̀ tí abẹ́rẹ́ gún tí kò mọ̀! Ẹ yá gbé ẹsẹ̀ wá, kí n lẹ bàtà mọ́ ọn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀ nínú aṣọ búlúù mi, mo yọ abẹ́rẹ́ náà, mo fomi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo di í.

"Ó dùn yín, Bàámi?"

"Kò dùn mí rárá."

"Bí kò bá ti dùn yín, a jẹ́ pé kò sí wàhálà."

Ohùn nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fi sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ gbólóhùn yẹn létí mi títí dòní.

Ojú egbò náà kò jiná. Ó fẹ̀ sí i, ó sì dúdú léteetí. Bàámi wá ń mu omi bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n. Ó ń rù. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń gba ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀ wọlé, ó ní oníbàárà kan ló ni ín. Mo mọ ṣòkòtò náà.

Ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n mú un lọ́wọ́, kí a wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó pọ̀ lóòótọ́ ohun tí mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìyẹn. Mo sì mọ̀ pé kí Bàámi tó jókòó tán níbẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé ọmọ òun ń bẹ lára wọn. Wọ́n á ní wọ́ọ̀dù wo. Wọ́n á wá mi. Mò ń rò ó, mò ń fi bándéjì tuntun di ẹsẹ̀ náà.

Mo wà lẹ́yìn ògiri páálí lọ́jọ́ tí Ṣúmékà bá a jà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yìí ti ń rùn. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Lọ síbo?"

"Ilé ìwòsàn! Ṣé ọmọ yín ò sí níbẹ̀ ni? Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tò."

"Nọ́ọ̀sì wà nílé mi, o ní kí n lọ máa wá nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ní kò burú. Kò burú."

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín."

"Ṣúmékà, lọ rán bàtà rẹ."

Orí mi wú nígbà náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rù bà mí, orí mi sì tún wú. Mo rò pé bàbá mi gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún níbi tí mo ti ń so aṣọ kọ́. Ṣúmékà ni.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀gbọ́n ṣubú lórí màṣíìnì! Mo ti gbé wọn dé ilé ìwòsàn yín. Wọ́n ti gbé wọn lọ sókè, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Mò ń sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni yín, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ yín. Irú ìranù wo nìyẹn? Ẹ sáré wá!"

Mo dúró. Irin tó kún fún aṣọ búlúù ló wà níwájú mi.

Ìyá Àpò ti gbọ́. Ó bọ́ sáàárín èmi àti irin náà.

"Máa lọ bó o ṣe wà yẹn."

"Mà..."

"Bàbá rẹ ló wà lókè. Kì í ṣe aṣọ ló ń dúró dè. Máa lọ bó o ṣe wà!"

Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Mo fa búlúù kan yọ, mo wọ̀ ọ́ lé buráùn lórí, mo ń ti bọ́tìnnì rẹ̀ bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Wọ́n ń yà fún mi. Ọkùnrin kan di ilẹ̀kùn mú dè mí. Obìnrin kan tó ń sunkún fà mí lápá, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ni," mo ní, "Mò ń bọ̀, mà," mo sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi.

Wọ́ọ̀dù náà kún. Wọ́n ti tẹ́ àwọn mìíràn sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì. Bàámi wà nítòsí fèrèsé, ó kéré lórí ibùsùn yẹn ju bó ṣe kéré lójú mi rí lọ. Ṣúmékà rí mi, ó na ọwọ́ sókè.

"Ṣé ẹ rí i! Ṣé mi ò sọ fún yín? Nọ́ọ̀sì wa rèé!"

Dókítà gbójú sókè níbi tó ti ń wo ẹsẹ̀ Bàámi.

"Ìwọ lo ń tọ́jú egbò yìí nílé?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣúgà rẹ̀ ńkọ́? O ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mi ò mọ ṣúgà kankan. "Kò dùn wọ́n ni, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi..."

"Kò dùn wọ́n." Ó da aṣọ bo ẹsẹ̀ náà. "Nọ́ọ̀sì, àìdùn rẹ̀ gan-an ni àìsàn ọ̀hún. Ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ yìí débi pé kò mọ̀ bí wọ́n bá gún un. Kí ni wọ́n kọ́ yín nílé ẹ̀kọ́ gan-an?"

Ó mi orí, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣúmékà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì tó ni wọ́ọ̀dù náà sáré dé, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, òógùn lójú. Òun nìkan ló ń tọ́jú gbogbo wọn láàárọ̀ yẹn. Ó wo aṣọ mi, ó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun! Ṣé àwọn ọ̀gá ló rán ẹ wá ràn mí lọ́wọ́?"

"Bàbá mi ni."

"Bàbá rẹ? Pẹ̀lẹ́. Ó yá, gba èyí. Oògùn ṣúgà rẹ̀ ni, mo ti fà á sínú rẹ̀. Gún un kíá, ẹnì kan ń dákú lọ́hùn-ún."

Ó fi abẹ́rẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ó yíjú padà.

Mo mú un dání. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gún. Mi ò mọ bí ó ti ń jìn tó. Ṣúmékà ń wò mí. Àwọn aláìsàn ẹ̀gbẹ́ ń wò mí. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, ẹnu mi ò gbé e. Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò ní parọ́ fún yín bí mo ṣe parọ́ fún àwọn yòókù: mo fẹ́ gún un. Kí ojú má tì mí, mo fẹ́ ki ohun tí mi ò mọ̀ bọ bàbá mi lára.

Mo ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

Ọwọ́ Bàámi gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ̀ pé agbára tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀.

"Fi sílẹ̀."

"Bàámi..."

"Fi sílẹ̀, ìyá mi." Ó gbóhùn sókè. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá gba abẹ́rẹ́ yín. Ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì náà padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣúmékà wí, "ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín."

"Orí mi pé, Ṣúmékà. Aṣọ ló ń fọ̀ níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Nọ́ọ̀sì náà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gún Bàámi, jẹ́jẹ́, ó fi òwú nu ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí mi.

"Bọ́ ọ."

Gbogbo ojú ló wà lára mi. Mo tú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Buráùn jáde lábẹ́ búlúù.

Ṣúmékà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Nọ́ọ̀sì wa..." ló wí. Ó gbọ́ ohun tó ń sọ, ó dákẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ Bàámi, ó tún wò mí. Ó jáde lọ.

"Ẹ má bá a wí níwájú èèyàn," Bàámi ń sọ fún nọ́ọ̀sì náà. "Mo bẹ̀ yín. Ọmọ mi ni."

Ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì pè mí. Kò pariwo. "Ká ní o gún un ńkọ́?" ló wí. "Obìnrin tó fà ọ́ lápá níta ti wá béèrè rẹ lọ́wọ́ mi. Ká ní o lọ bá ọkọ rẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Àpò ló wá bá mi bẹ̀bẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, nínú buráùn rẹ̀. Wọn ò lé mi. Wọ́n mú mi kúrò lápá mímọ́, wọ́n fi mí sápá kejì, níbi tí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń já bọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ Bàámi. Wọ́n gé e láti òkè orúnkún. Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ níwájú mi, gbogbo rẹ̀ ló tutù fún ẹ̀jẹ̀. Mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Mo wá ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn.

Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti rí i, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè wo ibi tí aṣọ ibùsùn ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Bàámi, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Télọ̀ ni mí." Ohùn rẹ̀ ti di tínńrín. "Obìnrin tó ni àkọ́kọ́ tó o wọ̀ wálé, apá rẹ̀ nípọn. Ẹni tó ni èkejì ga jù ọ́ lọ. Ẹ̀kẹta, ọlọ́wọ́ òsì ló rán abíyá rẹ̀ tó ya. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ara mélòó lo ní?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Ilé ìfọṣọ ńkọ́?"

"Wo ọwọ́ rẹ. Oògùn ìfọṣọ ti bó o."

"Ẹ ò wá sọ̀rọ̀, Bàámi?"

"Mò ń dúró dè ọ́ ni. Mo ní kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Bí mo bá já irọ́ náà, o lè má lè wo ojú mi mọ́."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣúmékà bẹ̀ yín. Ẹ sọ pé mo ní kò burú."

Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn.

"Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà wọ ilé ìwòsàn yìí tí Ṣúmékà ò ní tẹ̀lé mi?" ló wí. "Bó bá ti dé ibí, á ní kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wa. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn burú. Mo ní kí n fún ọ láyè díẹ̀ sí i. Mo rò pé ẹsẹ̀ náà á ní sùúrù."

Mo ti rò pé ó gbà mí gbọ́ ni. Kò gbà mí gbọ́ rí. Ó kàn ń fi ara rẹ̀ bo irọ́ mi mọ́lẹ̀, títí ara ọ̀hún fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Mo gbé orí lé bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ pa mí lórí. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká mi, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ aṣọ mi wò.

"Tìrẹ nìyí?"

"Tèmi ni, sà. Wọ́n fún mi ní méjì."

"Òun náà fẹ̀ jù. Àbí télọ̀ kan náà ló ń rán gbogbo rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mú èkejì wá lọ́la. Àti abẹ́rẹ́, àti òwú tó bá a mu. Ọwọ́ mi ni mo fi ń ránṣọ, àbí ẹsẹ̀?"

Mo mú un wá. Ṣúmékà ló bá mi kó abẹ́rẹ́ àti òwú jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Ó nà wọ́n sí mi, kò wo ojú mi. Ó ń wá wo Bàámi lójoojúmọ́. Ó máa ń wá nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bàámi fi ọwọ́ rán an lórí bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ibà bá fi í sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà ló ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdọ̀tí egbò náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo ń rí i nínú aṣọ ibùsùn tó ń bọ́ wá sísàlẹ̀ láti wọ́ọ̀dù wọn.

Nọ́ọ̀sì kì í wá sí ilé ìfọṣọ. Látìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò rí búlúù tí èèyàn wà nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, mo rí ọ̀kan. Ó dúró níbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà wọlé láàárín ìdọ̀tí. Buráùn kan ló ká sọ́wọ́.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tí Ìyá Àpò fi dì mí mú.

"Kò pariwo rárá," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe lọ́wọ́. Mo rò pé ó ń sinmi ni."

Ìyá Àpò gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ti mọ́ ọn lára: ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó wá na èjìká rẹ̀ wò, ó sì fa ọwọ́ yọ kíá.

"Rọra," ló sọ fún mi. "Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀."

Òun ni mo wọ̀ bí mo ti ń kọ èyí. Ṣúmékà ti ń kí mi padà báyìí. Kò pè mí ní nọ́ọ̀sì, kò sì tíì rí nǹkan mìíràn tí yóò máa pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pa irọ́ kan fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ má ṣe rò pé kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń dúró dè yín ni. Ẹ sáré.

Èjìká ọ̀tún bá mi mu rẹ́gí, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ti òsì ṣì ń yọ̀ wálẹ̀. Àwọn télọ̀ àdúgbò ní kí n mú un wá, kí àwọn bá mi gbà á wọlé.

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.